Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Ògiri Ilé Ìkàwé Wa

Sítọ́ọ̀ kòkó ni ilé ìkàwé wa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìwé níbẹ̀, òórùn kòkó ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú yín tó kan ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń sọ pé ìwé tiwa nìkan ni èèyàn lè kà kí ebi sì máa pa á. Ìlú kékeré kan ni ìlú wa, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Mọ́níyà. Àwọn ará ìlú ló fọ sítọ́ọ̀ náà, tí wọ́n fi ẹfun kùn ún, káfíńtà wa ló kan àga àti tábìlì, mọ́tò ìwé sì máa ń ti Ìbàdàn kó ìwé wá fún wa, yóò sì kó àwọn tí a ti kà lọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ibẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ mọ́dàn ni, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ náà débi pé mo máa ń ṣílẹ̀kùn kí àwọn ọlọ́jà tó pàtẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: inú máa ń tètè bí mi. Bàbá mi ní ẹnu mi mú, òun ò sì mọ ẹni tí mo fi jọ, ìyá mi yóò sì wo bàbá mi láti òkè délẹ̀. Irú èmi yìí ni wọ́n wá fún níṣẹ́ pé kó máa sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n má pariwo.

Kí ogun tó dé, kò sí ariwo kankan láti dá dúró. Tíṣà obìnrin kan tó ń múra ìdánwò ló máa ń wá, àti àwọn ewúrẹ́ tí mo máa ń lé. Ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ogun náà jìnnà sí wa, a dúpẹ́. Ohun tí àwa rí nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn sójà tó ń kọjá lójú títì, tí wọ́n ń kọrin, tí a sì ń ju ọsàn sí wọn kí wọ́n hán an. A tún rí i pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò sí lóko mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé mi di ọjà. Ìwé ìròyìn máa ń bá lọ́rì àárọ̀ dé láti Ìbàdàn, ẹni tó ní èèyàn lójú ogun àti ẹni tí kò ní, gbogbo wọn ló fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà láàárín wọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóko. Wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìwé kíkà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà, wọn ò sì fi ṣeré rárá. Ìka ni wọn yóò fi máa tọ ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Mo ní kí wọ́n máa kà á sínú, wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá pa ẹnu dé tó ní òun ń kàwé, ìwé náà ló kàn ń wò.

Ṣùgbọ́n ariwo Bàbá Olóko kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Aládùúrà. Opó ni wọ́n, ìjọ Kérúbù ni wọ́n ń lọ, gàrí ni wọ́n ń yan tà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti wọṣẹ́ sójà. Wọn ò mọ A yàtọ̀ sí B. Ní gbogbo àárọ̀, bí wọ́n bá ti kúrò níbi àdúrà, ilé ìkàwé ló kàn, pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà. Nítorí tiwọn ni gbogbo èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnu ọ̀nà wa wá dà bí ti mọ́ṣáláṣí.

“Ẹ kú ìkàwé o!” Èyí ni ti gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Tíṣà, ẹ kú làákàyè o! Bàbá Olóko, ojú ńkọ́? Ìwọ ọmọ yìí, orúnkún ìyá ẹ ńkọ́?” Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á tún un kí títí tí yóò fi dáhùn. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á tó lọ sí ìdí máàpù.

Máàpù Nàìjíríà ni, èyí tí mọ́tò ìwé gbé wá tí mo kàn mọ́ ògiri. “Ọmọ mi, níbo ni àwọn sójà wà lónìí?” ni wọ́n máa ń bi mí. Èmi yóò wo ìwé ìròyìn, màá fojú dá ibì kan, màá di ìka wọn mú, màá sì gbé e lé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọ náà wà gan-an. Ìyá náà mọ̀ pé àfojúdá ni. Wọ́n ní kò burú, ìka àwọn sáà gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Bí ìka bá ti débẹ̀, wọ́n á pe orúkọ ọmọ wọn sókè, wọ́n á sì dúró díẹ̀, bí ìyá tó pe ọmọ tó wà lẹ́yìnkùlé ṣe máa ń dúró kó gbọ́ ìdáhùn. Ìgbà náà ni wọ́n á tó gbàdúrà: “Bàbá, ibi tí ìka mi wà yìí, kí ìbọn má débẹ̀.” Gbogbo ilé á ṣe àmín. Bàbá Olóko tó jẹ́ Mùsùlùmí, àmín tiwọn ló máa ń le jù.

Lọ́jọ́ kan wọ́n mú ìgò omi ìyàsímímọ́ wá, wọ́n fẹ́ wọ́n ọn sára máàpù. Mo di ìgò náà mú. “Ìyá, bébà ni o, yóò ya!” Wọ́n ní agbára Ọlọ́run kì í ya bébà. A fà á títí, a wá fẹnu kò sí i pé kí wọ́n máa fi ẹ̀kán kan ra orí ìka. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ Odò Ọya fi dúdú lórí máàpù wa, bíi pé ìlú ńlá kan wà níbẹ̀.

Àárín àmín ọjọ́ kan ni ọ̀gá mi wọlé. Láti Ìbàdàn ni, òun ni olórí àwọn mọ́tò ìwé, ṣòkòtò penpe kákí àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn ló wọ̀. Ó pè mí síta.

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni ibí àbí ọjà?”

“Ilé ìkàwé ni, sà.”

“Ilé ìkàwé! Wọ́n máa ń dákẹ́ nílé ìkàwé.” Ó tọ́ka sínú ilé. “Mò ń padà bọ̀. Bí mo bá tún bá a báyìí, gbogbo ìwé yìí ni màá kó sínú mọ́tò, àti máàpù yẹn. Ìlú tó ń bẹ̀ wá fún ìwé pọ̀.”

Tí wọ́n bá kó ìwé lọ, ó lè jẹ́ pé màá rí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò pé kí Ìyá Aládùúrà dé láàárọ̀ kí wọ́n bá ògiri lásán, mi ò lè rò ó dé òpin. Mo pinnu pé ilé náà yóò dákẹ́, bó fẹ́ bó kọ̀.

Mo pe pẹ́ńtà tó máa ń kọ nǹkan sára lọ́rì. Ó bi mí pé kí ni kí òun kọ. Mo ní, “Dákẹ́.” Ó kọ ọ́ sókè ògiri ní ọ̀dà pupa, gàdàgbà-gàdàgbà, ó ya òdòdó sí ìhà ọ̀tún àti òsì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn awakọ̀. DÁKẸ́. Ó dára lójú mi gan-an.

Bàbá Olóko ló kọ́kọ́ kà á. Wọ́n nàka sókè. “Dá. Kẹ́. Dákẹ́.” Wọ́n wẹ̀yìn wò bóyá ọmọdé kan wà lẹ́yìn wọn. “Ta ni wọ́n ń bá wí?”

“Gbogbo wa ni, bàbá.”

“Gbogbo wa? Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, ògiri ní kí n dákẹ́? Ògiri tí mo bá wọn fi ẹfun kùn?”

Ilé dàrú. Àwọn àgbà ní ògiri náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnìkan ní bóyá ìwé ló ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tó fi gbórí lé tábìlì. Mo bínú, mo ní ṣé ìyẹn náà ló tó ìjà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn sójú bàbá mi, n ò ní jẹun alẹ́. Mo sáré pe pẹ́ńtà padà. Kò sí àyè níwájú D mọ́ nítorí òdòdó, ló bá pa òdòdó ọ̀hún rẹ́, ó sì há Ẹ kan tín-ín-rín síbẹ̀. Ẹ DÁKẸ́. Bàbá Olóko súnmọ́ ọn, wọ́n wò ó dáadáa.

“Ọ̀wọ̀ náà kéré,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.”

Mo rò pé ó ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aládùúrà dé. Wọ́n kí wa tán, wọ́n wá rí ọ̀dà pupa. “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?”

Mo fi ìdùnnú dáhùn. “‘Ẹ dákẹ́’ ni, Ìyá.”

Wọ́n dúró sójú kan. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá kú, a kì í sọ pé ó kú, pàápàá fún ìyá rẹ̀. A máa ń sọ pé ó ti dákẹ́. Èmi tí mo ti ń pariwo kí wọ́n dákẹ́ láti àná, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá.

“Ta ni yóò dákẹ́?” ni wọ́n bi mí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. “Ọmọ mi kò ní dákẹ́.” Wọn ò dé ìdí máàpù. Wọ́n yíjú padà, wọ́n jáde, wọn ò sì wá lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ tó tẹ̀lé e.

Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ wá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ilé parọ́rọ́. Bàbá Olóko tẹ́ ìwé ìròyìn síwájú, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ń kàwé ni?” “Rárá o,” ni wọ́n dáhùn, “mò ń wò ó.” Tíṣà tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ yìí, òun náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Inú mi ò dùn rárá. Mo ṣàárò ariwo Ìyá Aládùúrà bí èèyàn ṣe ń ṣàárò oúnjẹ.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ti ilé ìkàwé, mo lọ bá wọn nílé. Gàrí ni wọ́n ń yan. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ò bínú sí mi.

“Ìyá kan wà ní Òjòó,” ni wọ́n wí, “sójà ló wá bá a nílé. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọlé mi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ tí mo kígbe, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu mi ni mo fi di ọmọ mi mú. Bí mo bá dákẹ́, kí ni mo fi dì í mú?”

Omi bọ́ lójú mi. Mo wá sọ fún wọn ohun tí ọ̀gá sọ, pé bí ariwo bá tún wà, gbogbo ìwé ni yóò kó lọ. Wọ́n ní kó máa kó ìwé rẹ̀ lọ, ṣebí àwọn ò mọ̀ ọ́n kà.

“Àti máàpù, Ìyá.”

Wọ́n dáwọ́ ìyan dúró. “Máàpù náà?”

“Máàpù náà.”

Wọ́n wo iná, wọ́n wo mí. “Ìwọ tí o kàwé tó báyìí, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ìwé ni?”

Mo sún mọ́ wọn kí n lè bá wọn yí gàrí, kó má baà jó, apá mi sì fẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ agbada.

“Rọra o!” ni wọ́n kígbe.

“Ìyá, kí lẹ wí?”

“Mo ní kí o rọra! Agbada yẹn gbóná, ṣé o ò rí i ni?”

Mo dì mọ́ wọn pẹ̀lú gàrí lára. Wọ́n rò pé iná ti jó mi ni.

Pẹ́ńtà ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ṣòro kọ tó báyìí. Ó fi ẹfun pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ tuntun: Ẹ RỌRA O. Òdòdó wà lọ́tùn-ún, òdòdó wà lósì, Ẹ náà sì tóbi bí àwọn yòókù. Bàbá Olóko kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà, wọ́n ní èyí ni ọmọ ilé ire.

Iṣẹ́ wá kù, nítorí rírọra Ìyá Aládùúrà, igbe ẹlòmíràn ni. Mo ní kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ kí wa wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, “Ẹ kú ìkàwé,” télọ̀ tó wà ní òdìkejì ojú títì sì dáhùn pé, “Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá!” A rẹ́rìn-ín títí ikùn ń dùn wá. A tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Gbogbo ilé ló wá fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá wọlé yóò kí wa lẹ́ẹ̀kan, àwa yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti dáhùn, kálukú yóò sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìyá gbà á. Orúkọ ọmọ wọn nìkan ni wọ́n ń pè jáde ní ìdí máàpù, mi ò sì bá wọn sọ ìyẹn.

Ọ̀gá dé. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kún, ṣùgbọ́n ìró bébà nìkan lẹ ó gbọ́. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀kọ́ ilé sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

“Ẹ kú ìkàwé o!”

Gbogbo ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ó dúró. “Mo ní ẹ kú ìkàwé o!”

Ọwọ́ tún lọ sókè, ó tilẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú ọ̀gá yí padà. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀yin ni mo kí! Èèyàn kí yín, ẹ ò dáhùn?” Bàbá Olóko nàka sí ògiri. Ọ̀gá kà á. “Ẹ rọra? Ṣé rírọra ló ní kẹ́ ẹ má dá àlejò lóhùn? Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nílé tiwa, bí ẹnìkan bá kí yín—” Ohùn rẹ̀ ti dé òrùlé, ewúrẹ́ ti ń sá lóde. Tíṣà, láìgbójú kúrò lórí ìwé, fi ìka lé ètè. “Ṣṣṣ.”

Ọ̀gá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bàbá Olóko ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ilé bá gbà á, ọ̀gá pàápàá kò lè mú un mọ́ra. Ìyá Aládùúrà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fi ohùn tó rọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí a ti kọ́ wọn sọ̀rọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú. A ò dákẹ́ o, a rọra ni.”

Ọ̀gá bi mí nípa ibi dúdú tó wà lára máàpù. Mo sọ fún un. Ó lọ dúró níwájú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ní nígbà tí ibẹ̀ bá ya, kí n ránṣẹ́, òun yóò fi òmíràn ránṣẹ́. “Ṣùgbọ́n ẹ máa dá èèyàn lóhùn,” ló wí bó ṣe ń lọ. Àwa kò yí àdéhùn wa padà o.

Ogun kò tíì parí nígbà náà. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ náà lọ, lọ́rì ń gbé ìwé ìròyìn wá, ìka Ìyá sì ń rìn káàkiri máàpù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò winniwinni ń ṣẹ́, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ara rẹ̀ sì rù. Ó rí bàtà àwọn èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà sójà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tò ó mọ́ tàwọn yòókù.

“Ẹ kú ìkàwé o.”

A gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Aládùúrà kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wà nídìí máàpù. Wọ́n mú ìka kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Ọya, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí tiwa, láìwẹ̀yìn. Gbogbo ọwọ́ ló wálẹ̀. Tiwọn kò wálẹ̀.

“Màmá,” ni ọkùnrin náà wí, “ẹ̀yin ni mo kí.”

Wọ́n yíjú. Wọ́n la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá tí télọ̀ ń gbọ́ ohùn wọn lódìkejì títì, wọn ò rí ohùn sọ. Bàbá Olóko dìde dúró. “Ìyá, ẹ dá a lóhùn!” Nígbà tí wọn ò lè dá a lóhùn, àwa la bá wọn dáhùn. “Káàbọ̀ o! Káàbọ̀ o!” Tíṣà gun orí àga. Èmi tí wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi há.

Ìyá rìn lọ bá a. Wọ́n fi ìka yẹn kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n fi kan èjìká rẹ̀, wọ́n wá gbé e lé àyà rẹ̀, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n rọra pè é débi pé àwa tá a wà nítòsí nìkan ló gbọ́. Wọ́n wá dúró díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Mà,” ni ọmọ wọn dáhùn.